Ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún wa ti kógbá sílé: ta ni yóò san owó gbà-má-bínú mi?

ÌyáTèmi_Chatham · Ọjọ́ Ajé, aago 7:52 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta iná àti gáàsì fún wa ti kógbá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú mọ́tò ni mo wà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Kí n tó délé, app wọn ò ṣí mọ́.

Owó tó wà lójú àkáǹtì mi lọ́dọ̀ wọn jẹ́ £312. Iye kan náà ni wọ́n ń fà lóṣooṣù, bí oòrùn ń ràn, bí yìnyín ń já, àwa ò sì tan hítà láti oṣù karùn-ún, ìyẹn ló jẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù. Láti ọdún tó kọjá la ti ń bá wọn fà á, nítorí nọ́ńbà mítà aládùúgbò ni wọ́n fi ń kọ bíìlì fún wa. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Energy Ombudsman, ìyẹn àwọn tó ń dájọ́ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ iná, Ombudsman dá wa láre: kí wọ́n tún bíìlì ṣe, kí wọ́n kọ̀wé àforíjì, kí wọ́n sì san £150 owó gbà-má-bínú. Wọ́n tún bíìlì ṣe. Ìwé àforíjì dé, wọ́n ṣi orúkọ mi kọ sórí rẹ̀. Owó ló kù tí wọ́n fi lọ.

Ilé iṣẹ́ ńlá tí Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ta iná àti gáàsì ní Britain, fà wá lé lọ́wọ́ ti kọ̀wé pé £312 wà níbẹ̀, kí n fọkàn balẹ̀. Mo wá béèrè £150. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní òun ò rí nǹkan tó jọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà òun. Bàbá Tèmi ní kí n fagi lé Direct Debit, ìyẹn owó tí wọ́n ń fà ní báǹkì wa lóṣooṣù, lójú ẹsẹ̀. Ta ló máa san owó gbà-má-bínú mi? Àbí ó ti bá wọn lọ nìyẹn?

Jagun_Dagenham · 8:05

Ọ̀gá ilé sọ òótọ́ mà. Ẹ pa Direct Debit yẹn lónìí. Ẹni tó ti kú, kí ló tún ń nawọ́ gbowó fún? Owó tó bá tún wọ ibẹ̀ báyìí, àwọn báǹkì tó yá wọn lówó ló máa jẹ ẹ́. Ti £150, ẹ gbàgbé ẹ̀.

OníwèéLeeds · 8:41

Jagun, ẹ rọra fún wa. Mà, ẹ má tíì fọwọ́ kan Direct Debit. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé iṣẹ́ tuntun máa ń gba ètò ìsanwó yẹn bó ṣe wà, tí ẹ bá sì pa á, ẹ lè bá gbèsè níwájú. Ẹ dúró kí àkáǹtì tuntun fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ẹ rí iye tí wọ́n fẹ́ máa fà, kí ẹ tó pinnu. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèèṣì fa owó tí kò tọ́, báǹkì yín gbọ́dọ̀ dá a padà lábẹ́ Direct Debit Guarantee.

Ọ́fíìsì tí a ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn nípa gbèsè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní 2021 sí 2022, nígbà tí gáàsì wọ́n lọ́jà àgbáyé ju iye tí òfin gbà kí wọ́n tà á fún oníbàárà lọ, ilé iṣẹ́ tó lé ní mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ló wó tẹ̀léra, ojoojúmọ́ la sì ń gbọ́ irú ìbéèrè yín yìí. Supplier of Last Resort ni wọ́n ń pe ètò tí Ofgem ń lò. Tí ilé iṣẹ́ kan bá kú, Ofgem á pe àwọn tó kù, á yan ọ̀kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iná ò ní kú nílé ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó máa wá tú mítà. Avro ní oníbàárà bí 580,000 nígbà tó ṣubú ní oṣù kẹsàn-án 2021, Octopus ni wọ́n kó wọn fún. Rebel ṣubú ní 2025 pẹ̀lú ilé bí 80,000, British Gas ló gbà wọ́n. Bulb nìkan ló tóbi ju ohun tí wọ́n lè gbé fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, oníbàárà rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Owó ìjọba ni wọ́n fi gbé e ró láti oṣù kọkànlá 2021 títí Octopus fi gbà á ní ìparí 2022.

Nínú gbogbo ìyẹn, owó tí oníbàárà inú ilé ní lójú àkáǹtì kì í ṣòfò. Ẹ̀tọ́ yín ni £312. Tí àwọn tuntun yìí ò bá wù yín, ẹ lè kúrò lọ́dọ̀ wọn láìsan owó ìjáde, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí owó yẹn kọ́kọ́ hàn lójú àkáǹtì tuntun.

Ti £150, ẹ dá mi lóhùn kan: ṣé Ombudsman ní kí wọ́n fi kún àkáǹtì iná yín ni, àbí kí wọ́n san án sí báǹkì? Ẹ wo statement tó kẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sójú àkáǹtì kí wọ́n tó kú, ó ti di ara owó tí ètò yìí dáàbò bò. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Fẹ́mi_Croydon · 9:10

Kí ló le níbẹ̀? FSCS ló máa san án. Ṣebí àwọn náà ló ń dá owó aráàlú padà tí báǹkì bá ṣubú.

Ẹ̀gbọ́nMK · 9:26

Fẹ́mi, FSCS kò dé ibẹ̀. Báǹkì, ìnṣọ́ránsì àti owó tí èèyàn fi ṣe ìdókòòwò ni tiwọn. Ilé iṣẹ́ tó ń ta iná kò sí lábẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má wá sọ Section 75 o, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ tó máa sọ ọ́. Àwọn tó fi káàdì credit rajà ni òfin yẹn wà fún, Direct Debit kò sí níbẹ̀.

Mo ń bọ̀ wá kọ ti àwọn administrator, àwọn tí wọ́n yàn láti pín ohun tí ilé iṣẹ́ tó wó fi sílẹ̀, lálẹ́, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Dèjì_Salford · 10:02

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ tí ẹ ń sọ yìí, bí ó bá jẹ́ èyí tí mo rò ni, mo ti fi wọ́n sílẹ̀ ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. £88 mi wà lọ́wọ́ wọn, bíìlì ìkẹyìn ò tíì dé dòní. Mi ò kì í ṣe oníbàárà wọn mọ́. Ṣé wọ́n máa kà mí mọ́ àwọn tó ní owó?

OníwèéLeeds · 10:30

Dèjì, wọ́n á kà yín mọ́ ọn. Nígbà tí Ofgem bá kéde ẹni tó gbà wọ́n, ó sábà máa ń sọ ọ́ ketekete pé owó àwọn oníbàárà àtijọ́ náà wà nínú ohun tí ilé iṣẹ́ tuntun máa san. Ẹ lọ ka ìkéde náà lójú ìwé Ofgem, kí ẹ wá pe ilé iṣẹ́ tuntun fúnra yín. Wọn ò ní àdírẹ́sì yín mọ́, ẹ má dúró de lẹ́tà.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Òfin ní kí ilé iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ fún yín ní bíìlì ìkẹyìn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó sì dá owó tó ṣẹ́ kù padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá kọjá rẹ̀, owó gbà-má-bínú ń bẹ, £30 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di £40 ní oṣù kìíní 2025. Wọ́n jẹ yín ní ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n £88 nìkan ni ètò Ofgem dáàbò bò. £40 yẹn, ọ̀dọ̀ òkú ló wà, bíi £150 ti Ìyá Tèmi.

Akin_Ìbàdàn · 10:44

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí. Ẹ ń béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ẹni tó ta iná fún yín tí iná sì tàn. Transformer àdúgbò wa jó, àwa la dáwó tún un ṣe, bíìlì sì tún dé lóṣù yẹn. Ẹ máa bá ìjíròrò yín lọ, mo kàn ń wòran.

ÌyáTèmi_Chatham · 12:17 ọ̀sán

😂 Akin, Ọlọ́run á bá yín ṣe é.

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yẹ ìwé Ombudsman wò: "kí wọ́n san án", ohun tó kọ nìyẹn, kò sọ ibi tí wọ́n máa san án sí. Statement tó kẹ́yìn kò ní £150 nínú, àmọ́ ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó kú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Nǹkan mìíràn tún yọjú. Mo ní kí n ka mítà bí wọ́n ṣe ní kí á ṣe, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo abẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí mítà gáàsì wà. Nọ́ńbà tó wà lára mítà wa parí sí 47. Èyí tó wà nínú lẹ́tà ilé iṣẹ́ tuntun parí sí 74. Mítà aládùúgbò náà ló tún padà dé!

Bùnmi_Coventry · 12:40

Yéè. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn mà. Àkọsílẹ̀ tí wọn ò tíì tún ṣe ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ ya fọ́tò mítà yín, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ àti iye tó kà wà nínú fọ́tò kan náà, ẹ fi ìpinnu Ombudsman kún un, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tuntun lónìí, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ẹjọ́ lẹ ń fi sùn. Ẹ lo ọ̀rọ̀ náà, complaint. Tí ẹ bá kàn pè pé ẹ ní ìbéèrè, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Èmi náà kọjá níbẹ̀ nígbà tí tiwa wó ní 2021. Ohun tí wọ́n kọ sí lẹ́tà àkọ́kọ́ pé mo ní lójú àkáǹtì kéré sí iye gidi, torí wọ́n fojú dá iye tí mítà kà ní ọjọ́ tí wọ́n gbé wa kọjá. Fọ́tò tí mo yà ní ọjọ́ náà ló gbà mí.

Mo sì fẹ́ ta ko yín díẹ̀, Oníwèé. Ẹ ní £150 wà lọ́dọ̀ òkú. Tèmi náà ní owó gbà-má-bínú £100 tí wọn ò tíì san. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tuntun, mo ṣàlàyé, wọ́n san £75. Ẹ má jẹ́ kí ìyá yìí gbà pé kò sí ọ̀nà.

OníwèéLeeds · 1:15

Inú mi dùn pé wọ́n san án fún yín, Bùnmi, ṣùgbọ́n inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n ṣe é. Mo rí àwọn tó kọ irú lẹ́tà kan náà, tí ilé iṣẹ́ mìíràn sì fèsì pẹ̀lú gbólóhùn méjì: ẹ kàn sí administrator. Tí ẹ bá ń béèrè inú rere, ẹ béèrè bí ẹni tó ń béèrè inú rere. Ẹ má halẹ̀ mọ́ wọn pé ẹ máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Ombudsman lórí £150 yẹn, wọ́n mọ̀ pé Ombudsman ò lè fi ipá gbà á lọ́wọ́ àwọn.

Ti mítà nìkan ni ẹ lè halẹ̀ lé lórí. Ìyẹn ti di ti ilé iṣẹ́ tuntun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti di ẹni tó ń ta iná fún yín ni àṣìṣe wọn ti jẹ́ tiwọn, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá sì kọjá láìjẹ́ pé ó yanjú, Energy Ombudsman máa gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè tún dá owó gbà-má-bínú lé wọn lórí, èyí sì jẹ́ ti ẹni tó wà láàyè tó lè san án.

Bùnmi_Coventry · 1:22

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ̀wé ni mo ń wí. Ẹnu tí kò béèrè kò gba nǹkan.

MamaṢọ́ọ̀bù_SE15 · 2:30

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé owó kì í ṣòfò, ilé gbígbé lẹ ń sọ o. Mo ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa, fíríìsà ńláńlá mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹran ìgbẹ́ àti ẹja ló kún inú wọn, ẹ sì mọ bíìlì tí ìyẹn máa ń gbé wá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún ṣọ́ọ̀bù mi kógbá sílé, owó mi ju £900 lọ lójú àkáǹtì. Ilé iṣẹ́ tuntun ní iná á máa tàn, ṣùgbọ́n owó yẹn, kí n lọ bá administrator. Ìwé tí wọ́n fún mi láti kọ nǹkan sí, ọmọ mi ló bá mi kọ ọ́. Ọdún kan ti kọjá, mi ò tíì rí kọ́bọ̀. Wọ́n tún fi iye tí wọ́n ń tà á fún wa gun òkè àjà, torí pé iye tí Ofgem fi dè wọ́n fún ilé gbígbé kò kan oníṣòwò.

OníwèéLeeds · 2:52

Ọ̀rọ̀ Mama ṣe pàtàkì. Ààbò yẹn kì í ṣe ti oníṣòwò. Ẹni tó bá gbà yín ló máa pinnu bóyá òun máa gba owó yín mọ́ra, àwọn kan ń ṣe é, àwọn kan kì í ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ yẹ àkáǹtì iná ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín wò. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà lórí àdéhùn oníṣòwò, owó tó ń kó jọ lójú àkáǹtì wọn sì máa ń pọ̀. Ẹ má jẹ́ kó máa pọ̀ níbẹ̀.

Ṣẹ̀gi_Luton · 3:40

Ìbéèrè kékeré. Èmi ò ní owó lọ́dọ̀ wọn, èmi ni mo jẹ wọ́n. £430. Ẹni tí mo jẹ ti kú, àbí gbèsè ti kú pẹ̀lú rẹ̀? 👀

Jagun_Dagenham · 3:44

Gbèsè ti kú! Jó!

Ẹ̀gbọ́nMK · 7:18 alẹ́

Ṣẹ̀gi, má jó. Gbèsè kì í bá ilé iṣẹ́ kú, dúkìá ni. Àwọn administrator máa gbà á, tàbí kí wọ́n tà á fún àwọn agbowó-gbèsè, tàbí kí ilé iṣẹ́ tuntun gbà á lọ́wọ́ wọn. Kí o tó san kọ́bọ̀, ní kí wọ́n fi hàn ọ́ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń dàrú lópin ayé wọn, mo ti rí i tí wọ́n fi bíìlì £600 ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n jẹ ní £60. Tí iná tí wọ́n ń ka sí ọ lọ́rùn bá ti ju oṣù méjìlá lọ tí wọn ò kọ bíìlì rẹ̀ rí, sọ fún wọn pé Ofgem kò gba ilé iṣẹ́ iná láyè láti padà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ó kan Ìyá Tèmi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ dáadáa.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá wọ administration, wọ́n á yan àwọn oníṣirò láti kó gbogbo ohun tó ní jọ, kí wọ́n pín in fún àwọn tó jẹ. Ìtò wà fún pípín náà. Báǹkì tó gba dúkìá lóhun ìdógò ló ń kọ́kọ́ jẹun. Owó iṣẹ́ àwọn administrator fúnra wọn ń bẹ níbẹ̀, òun náà kì í kéré. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń bẹ, owó orí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aráàlú tí wọn ò fi ránṣẹ́ sí HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba, náà ń bẹ láti ìparí 2020. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni àwa tí wọ́n jẹ lásán wà, àwa tí kò gba ìdógò. Ẹ̀yin tí Ombudsman dá £150 fún wà níbẹ̀. Dèjì pẹ̀lú £40 rẹ̀ wà níbẹ̀. Mama pẹ̀lú £900 wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá tó dá owó àwọn oníbàárà padà náà tò síbẹ̀, tirẹ̀ sì lè jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ẹ rí i pé ìlà náà gùn.

Síbẹ̀, ẹ tò sí i. Ẹ lọ sí ojú ìwé Companies House, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àwọn ilé iṣẹ́ sí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kó ìwé rẹ̀ sí. Orúkọ àwọn administrator àti àdírẹ́sì wọn wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé kan á wọlé síbẹ̀ tó sọ ohun tí ilé iṣẹ́ náà ní, ohun tó jẹ, àti bí wọ́n ṣe rò pé pínpín máa rí. Ẹ ka ìwé yẹn kí ẹ tó ná ìrètí. Proof of debt ni ìwé tí ẹ máa kọ. Iye owó, ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí Ombudsman dájọ́, ọjọ́ tí ẹ gba ìpinnu náà, ẹ so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ yín fún un. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san nǹkan kí òun bá yín kọ ọ́, ẹ lé e.

Nǹkan kan tí àwọn èèyàn kì í mọ̀: tí gbèsè kò bá ju £1,000 lọ, tó sì hàn nínú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà, àwọn tó ń pín owó lè gbà á láìjẹ́ pé ẹ kọ proof kankan. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. £150 tí Ombudsman dá lè má sí nínú ìwé wọn rárá, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ tiyín.

Fẹ́mi_Croydon · 7:40

Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n, ní òótọ́, èló ni èèyàn máa ń rí nínú £150?

Ẹ̀gbọ́nMK · 7:47

Nínú irú èyí? Pẹ́ńsì díẹ̀ nínú pọ́n-ùn kan, tàbí òfo. Ọdún sì lè kọjá kó tó dé. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kíkọ rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Àjọkẹ́_Thamesmead · 8:20

Màmá mi àgbà ń lo mítà kọ́kọ́rọ́, èyí tí èèyàn ń sanwó sí kó tó lo iná, ilé iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n láti fi owó síbẹ̀, wọ́n ní owó á wọnú kòtò. Lálẹ́ àná, inú òkùnkùn ni mo bá wọn, pẹ̀lú £3 nínú mítà tí wọn ò fẹ́ kó tán.

OníwèéLeeds · 8:33

Àjọkẹ́, ẹ bá wa kí Màmá. Kí wọ́n máa fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ní lọ́wọ́ sanwó sínú mítà bí wọ́n ṣe ń ṣe. Owó tó bá ti wọ inú mítà, iná wọn ni, kò sí ẹni tó máa gbà á. Ilé iṣẹ́ tuntun máa fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ránṣẹ́, ìgbà náà ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ pè wọ́n lọ́la, kí ẹ béèrè nǹkan méjì. Èkíní, Priority Services Register, ìwé orúkọ àwọn tó nílò ìtọ́jú pàtàkì, kí wọ́n tún fi orúkọ Màmá sí i, pàápàá tí wọ́n bá ń lo ẹ̀rọ kankan fún àìsàn. Ẹ má rò pé ó ti tẹ̀ lé wọn wá. Èkejì, Warm Home Discount, ẹ̀dínwó lórí bíìlì iná, £150 ni lọ́dún. Ẹ rí i dájú pé orúkọ Màmá ló wà lórí àkáǹtì tuntun. Bí ẹ ò bá rí wọn bá sọ̀rọ̀, Citizens Advice: 0808 223 1133, ọ̀fẹ́ ni.

Jagun_Dagenham · 9:05

Ó dáa, mo ti gbọ́ ti Direct Debit. Ṣùgbọ́n ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi: ọkùnrin kan pe ìyàwó mi lónìí, ó ní ilé iṣẹ́ tuntun ni òun ti ń pè, òun fẹ́ dá owó padà, kí ó ka nọ́ńbà káàdì fún òun. Àwa ò tilẹ̀ sí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó kú yẹn! Wọ́n ti mọ̀ pé ọkàn àwọn èèyàn ò balẹ̀. Owó tí wọ́n máa dá padà fún yín, ojú àkáǹtì iná ló ń lọ, kò sẹ́ni tó nílò nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín láti fi ṣe é.

BàbáAberdeen · 9:31

Mo ti ń kà láti òwúrọ̀. Ẹ ò béèrè ta ló ń sanwó gbogbo ààbò yìí. Àwa ni. National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, ṣírò rẹ̀ ní 2022 pé iye tí àwọn tó wó láti 2021 kó sórí bíìlì ilé kọ̀ọ̀kan tó £94, láìka ti Bulb. Àwọn tó dá ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀ fi owó tí oníbàárà san sílẹ̀ ṣòwò, nígbà tó já, wọ́n pa dà sílé wọn. Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí ju owó oṣù kan lọ wà lójú àkáǹtì mi nìyẹn. Bí ó bá ti pọ̀, mo ní kí wọ́n dá a padà sí báǹkì mi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é àyàfi tí wọ́n bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání.

Bùnmi_Coventry · 9:44

Bàbá, ìgbà òtútù ń bọ̀ ní Aberdeen o, owó oṣù kan ò ní tó. Àwa tí owó oṣù wa kò dúró sójú kan nílò kó kó jọ díẹ̀ nígbà oòrùn. Ṣùgbọ́n mo gbà pé £312 pọ̀ jù.

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi ní kọ̀rọ̀ nípa iye tí wọ́n ti bá ilé iṣẹ́ àtijọ́ fi dè fún ọdún méjì. Ìyẹn ti kú pẹ̀lú wọn. Iye tuntun kò ní kọjá ibi tí Ofgem fi dè é, ṣùgbọ́n kò sí owó gbà-má-bínú fún àdéhùn rere tó bàjẹ́.

Dèjì_Salford · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:12 àárọ̀

Mo pè wọ́n. Wọ́n rí £88 mi lẹ́yìn tí mo fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì àtijọ́. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti £40, ẹni tó gbé fóònù rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú.

ÌyáTèmi_Chatham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Direct Debit wà níbẹ̀. Bàbá Tèmi ti ka gbogbo rẹ̀ tán, ó ní òun ò sọ pé kí n pa á, òun ní kí n *ronú* nípa rẹ̀. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Mo ti fi lẹ́tà méjì ránṣẹ́. Ti ilé iṣẹ́ tuntun jẹ́ ẹjọ́ lórí nọ́ńbà mítà, pẹ̀lú fọ́tò mítà tiwa, aládùúgbò náà sì gbà kí n ya tiwọn. Mo fi ìpínrọ̀ kan bẹ̀ wọ́n fún £150 ní ìsàlẹ̀, mi ò halẹ̀. Ti administrator ni proof náà, mo so ìpinnu Ombudsman mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, ibì kan wà nínú ìwé wọn tó ní kí n kọ iye gbogbo tí wọ́n jẹ mí. Ṣé kí n kọ £462 ni, àbí £150?

Ẹ̀gbọ́nMK · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05

£150 nìkan. £312 ti di ti ilé iṣẹ́ tuntun láti dá padà, àwọn ló sì máa bá administrator yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá kọ £462, wọ́n á rò pé ẹ̀ ń béèrè owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á kọ̀wé padà, oṣù mélòó kan á tún lọ.

Bùnmi_Coventry · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:09

Ọjọ́ tí ẹ fi ẹjọ́ mítà ránṣẹ́ ni kí ẹ kọ sínú kálẹ́ńdà o, mà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá fèsì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ti ń lọ. Tí wọ́n bá kọ̀wé ṣáájú pé àwọn ò lè ṣe é mọ́, ẹ ò ní láti dúró kó pé, lẹ́tà yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá Ombudsman.